Dá Àṣìṣe Ìyá Rẹ Padà Sára Pátákó

Abúlé Naja Salim, ẹ̀bá ọ̀nà ibojì àwọn ọba àtijọ́, Luxor.
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Ṣàábánì.

Khisha ọmọ mi, ìwọ tí wọ́n ń pè ní Ibtihal ní Káírò,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé níbi tí o wà, kó sìn ọ́ lọ síbi iṣẹ́, kó sì sìn ọ́ padà wálé. Mo kí ọ, mo kí yàrá rẹ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé, mo kí àtẹ̀gùn ilé yín tí o ní o máa ń gùn dé àjà karùn-ún, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ kọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Bí o bá bèèrè wa, ara wa le, Alhamdulilahi, àfi orúnkún mi tó ń han bí ilẹ̀kùn àtijọ́, àti ọkàn mi tí kò lélẹ̀, èyí tí mo máa sọ ìdí rẹ̀ fún ọ láìpẹ́, má tíì dìde, jókòó kà á tán.

Ẹfọ̀n tí a ń sìn bí abo lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó funfun níwájú orí bí ẹni pé wọ́n fi wàrà sàmì sí i, ó lẹ́wà débi pé ẹ̀rù bà mí, mo sáré mú dúdú ìdí ìkòkò mo fi pa á lójú, mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá wò ó pé arọ ni. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbà mí gbọ́, nítorí kò sí ẹni tó yìn ín, mo dúpẹ́. Wọ́n ti ń gé ìrèké, gbogbo ọ̀nà kún fún èèpo. Àbúrò ìyá rẹ ló ń ṣe búrẹ́dì tí a máa ń sá sóòrùn fún mi báyìí, ṣùgbọ́n kò dùn tó ti ìyá rẹ, má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ilá gbígbẹ àpò kan wà nílẹ̀ dè ọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà ni pé ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi kò ṣeé sọ lórí fóònù. Mo tilẹ̀ pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ Jímọ̀. Obìnrin kan ló ń dá mi lóhùn, ó ní o kò sí nítòsí. Mo kí i, mo bèèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kò dáhùn, ó tún sọ ohun kan náà. Mo ní kó sọ fún ọ pé bàbá rẹ pè, ó já ìpè mọ́ mi létí. Khisha, ta ni obìnrin yẹn? Ohùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Bí ẹ bá jọ ń gbé, má jẹ́ kó máa gbé fóònù rẹ mọ́, ẹni tí kò lè kí àgbà, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí nínú ilé ọmọ mi.

Ọ̀rọ̀ náà rèé: pátákó ni. Pátákó ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà wa.

O rántí pé nígbà tí o sọ fún mi pé iṣẹ́ tí o rí ní Káírò ni kí o máa wá àṣìṣe inú Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ènìyàn kọ, kí o sì máa yọ ọ́ dànù, ọkàn mi kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀. Mo bi ọ́ pé àwọn tí o ń wá àṣìṣe wọn yìí, ṣé wọ́n mọ̀? O ní wọ́n mọ̀, pé àwọn fúnra wọn ló ń gbé ìwé wọn wá, tí wọ́n tún ń sanwó lé e. Nígbà tí mo sọ fún Shazli àbúrò mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ayé ti yí padà o, ìyàwó tèmi ń wá àṣìṣe mi láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é, ẹ jẹ́ ká kó òun náà lọ sí Káírò. Mo bá a rín, ṣùgbọ́n inú mi ń sọ pé iṣẹ́ yìí léwu. Ohun tí kò ní àbùkù kankan, ojú ayé kì í fi í sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pa ọmọ ẹfọ̀n lójú.

Ó wá di Iléyá tó kọjá, o wálé, kí o tó bọ́ bàtà ìrìn-àjò o ti dúró níwájú pátákó ilé ìtajà wa, ò ń kà á, ò ń ka nǹkan lórí ìka rẹ. O ní àṣìṣe mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀. Mo ní mọ́kàndínlógún ti pọ̀ jù fún pátákó kan, kí o yọ díẹ̀. O yọ gbogbo rẹ̀. O ra ọ̀dà, o pa gbogbo pákó rẹ́, o kọ tuntun ní ọjọ́ méjì, ó gún régé, ó mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo wò ó, mo ní Ọlọ́run ṣeun, ọmọ mi ti kàwé. Mi ò mọ̀ pé ẹkún ni mo ń kí káàbọ̀.

Ìyá rẹ Nabawiya ló kọ ti tẹ́lẹ̀, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. O kéré nígbà yẹn. Ìgbà òtútù mọ́kànlá ló fi fọ àfọ́kù ìkòkò fún àwọn òyìnbó tó ń wa ilẹ̀ wá nǹkan àtijọ́ lẹ́yìn òkè, ibẹ̀ ló ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ilé ìwé tó kọ́ ọ, etí rẹ̀ ni ilé ìwé rẹ̀. Ó fi ọ̀dà búlúù kọ ọ́ sára pákó funfun. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó ní àwọn ọ̀rọ̀ náà wà ní ìhòòhò, ó wá fi àwọn àmì kéékèèké inú Gẹ̀ẹ́sì yẹn há orí wọn, àwọn tó rí bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ nínú omi, ó ní gbogbo nǹkan tí a bá ń tà gbọ́dọ̀ ní ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ lọ́rùn kí ojú má bàa wọ̀ ọ́. Méje ni. Nígbà tí o ṣe tán ní Iléyá, mo wá wọn nílẹ̀, lábẹ́ àkàbà, mi ò rí ẹyọ kan. Níbo lo kó wọn sí?

Gbogbo ọdún tí pátákó ìyá rẹ fi wà níbẹ̀, ọkọ̀ àlejò kan kì í kọjá kó má dúró. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á kà á, wọ́n á pe ara wọn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, wọ́n á wá wọlé pẹ̀lú ojú tó túká, wọ́n á mu tíì, wọ́n á ra àwo òkúta tí mo gbẹ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ará abúlé pé ẹ wo ohun tí ìkíni rere ń ṣe, ìyàwó mi kí àwọn àjèjì débi pé ayọ̀ pa wọ́n.

Láti ìgbà tí o ti tún un ṣe, Khisha, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìgbà òtútù yìí tó yẹ kí ọ̀nà kún, ọkọ̀ á dẹwọ́ eré, orí á yọ lójú fèrèsé, wọ́n á ka pátákó bí ẹni ka orúkọ ìlú, ọkọ̀ á tún sáré lọ. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló sọ̀ kalẹ̀ lóṣù tó kọjá, ó kà á látòkè délẹ̀, ó mi orí bí alábẹ̀wò ilé ìwé, ó padà sínú ọkọ̀. Tíì tí mo ń sè, èmi nìkan ni mo ń mu ún, ìyẹn náà sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀.

Shazli wá bá mi. O mọ̀ pé ogún bàbá wa ni ilé ìtajà yẹn, àwa méjèèjì la ni ín. Ó jókòó, ó mu tíì, ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, ògiri lẹ kàn ń ṣọ́. Ó ní tó bá di ọjọ́ kìíní ààwẹ̀ tí àlejò kò tíì padà, òun máa sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣe, pé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe bí àlejò, ojoojúmọ́ ló ń bàjẹ́. Mo ní pèpéle amọ̀ tí Nabawiya máa ń jókòó lé ń kọ́? Ó ní wọ́n á wó o kí kẹ̀kẹ́ lè ráyè wọlé. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà, ó tilẹ̀ fọwọ́ bà mí lẹ́sẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ìyẹn ló tún jẹ́ kó dùn mí jù. Ọjọ́ méjìlá ló kù kí a gba ààwẹ̀.

Mo ní kí n wá nǹkan ṣe. Mo da iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo fi ọwọ́ tó ní ọ̀dà búlúù tẹ ara ògiri, kò sí ìyàtọ̀. Mo pe ìyá arúgbó tó ń sun tùràrí, ó ju álọ́ọ̀mù, òkúta funfun bí iyọ̀ yẹn, sínú ẹyin iná kó lè yọ́, kó sì mú àwòrán ẹni tó fi ojú ibi wò wá jáde. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, Shazli ni mo rò pé a máa rí. Nígbà tó tutù, ohun tó jáde gùn, ó tínrín, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Ìyá arúgbó ní kálàmù ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń fi kálàmù jẹun nínú ìdílé wa. Mo sọ fún un pé lójú tèmi ó jọ èèpo ìrèké, mo sì yára sìn ín jáde kó má bàa wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dà báyìí ni Bekhit awakọ̀ yà. Òun ló máa ń gbé àwọn àlejò wá sọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀, o mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ní Bàbá, ìràwọ̀ yín ti ń já o, márùn-ún ni tẹ́lẹ̀, ó ti ku mẹ́ta. Mo gbójú sókè lọ́sàn-án gangan yẹn, mi ò rí ìkankan, ẹ̀rù tún bà mí sí i. Ó ní inú fóònù ni ìràwọ̀ wà, pé àwọn àlejò ló ń fún wa, pé wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ tì í. Mo ní kó kà á fún mi. Obìnrin kan kọ ọ́ pé ọ̀nà jíjìn ni òun ti wá nítorí pátákó ìyá yẹn, òun dé ibẹ̀, ilé ìtajà lásán lòun bá. Ilé ìtajà lásán, Khisha.

Mo bi Bekhit pé kí ni wọ́n ń rí lára pátákó yẹn. Ó wo bàtà rẹ̀, ó ní Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ fún mi ní tíì. Mo ní kò sí tíì fún ọ àfi tí o bá sọ ọ́. Ó wá wá fọ́tò pátákó àtijọ́ nínú fóònù rẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìlà kìíní, ó ní ìyá rẹ kọ ọ́ pé, Ẹ káàbọ̀, a máa sè yín jẹ lọ́sàn-án. Mo ní irọ́ ni, Nabawiya kò se ènìyàn rí láyé rẹ̀. Ó ní òun mọ̀, Bàbá, ohun tó wà níbẹ̀ lòun ń kà. Ìlà kejì, Ẹni tó bá mu tíì wa, kò ní mu òmíràn mọ́ títí láé. Mo ní ìyẹn ò burú ná, tíì dáadáa ni. Bekhit ní Bàbá, àwọn òyìnbó máa ń rò ó pé ẹni tó mu ún máa kú ni. Mo ronú lé e, mo rí i pé lóòótọ́, mo ti ń mu ún lójoojúmọ́. Ó wá dé ìlà kẹta, kò lè kà á mọ́, èrín ti gbá a mú, mo dúró dè é. Ó ní ìyá rẹ fẹ́ sọ pé ọkọ òun ló ń fi ọwọ́ gbẹ́ òkúta, ṣùgbọ́n ohun tó kọ ni pé, Ọkọ mi ni a fi òkúta ṣe, ẹ lè fọwọ́ kàn án.

Khisha, ọ̀pọ̀ nǹkan ló wá yé mi lójijì. Ọdọọdún ni àwọn ìyá àgbà òyìnbó máa ń fọwọ́ kàn mí léjìká, tí wọ́n á máa rín, òmíràn á bèèrè pé èló ni mí. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kíni nílùú wọn nìyẹn. Èmi náà máa ń fọwọ́ kàn wọ́n padà.

Mo bi Bekhit pé ṣé pátákó yẹn ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín? Ó ní Bàbá, láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀ ni. Mo ní kó máa lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò jáde sí ilé ìtajà. Ìtìjú bò mí, ìbínú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, pé gbogbo ọdún wọ̀nyẹn àwọn ènìyàn ń wọkọ̀ wá fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi aláìmọ̀kan sì ń bu tíì fún wọn. Mo sì mọ̀ pé ìwọ mọ̀. Ọjọ́ tí o dúró níwájú pátákó yẹn lójú ọdún, ojú rẹ pọ́n, o ní eruku ni. O ò sọ ọ́ fún mi, o kàn ra ọ̀dà. O fẹ́ bo ìyá rẹ láṣọ. Mo rí i, ọmọ mi, Ọlọ́run san án fún ọ.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe ń fún ẹfọ̀n ní omi, mo rántí ohun kan tí mi ò rántí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti kú. Ní ọdún kejì tí pátákó yẹn wà níbẹ̀, ìyàwó ọ̀gá àwọn tó ń wa ilẹ̀ wá kí i, ó dúró níwájú pátákó, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ́, ó ń fi ìka tọ́ka síbí, ó ń tọ́ka sọ́hùn-ún, ó sì yọ kálàmù jáde. Ìyá rẹ rọra ti ọwọ́ obìnrin náà sísàlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó mú un wọlé lọ mu tíì. Nígbà tó lọ, mo bi í pé kí ló wí. Ó ní kò sí nǹkan. Ó wá ní, Abdurradi, ẹni tó bá ti ń rẹ́rìn-ín ti wọlé tán, bàtà ló kù kó bọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin òyìnbó yẹn ló ń sọ. Mi ò mọ̀ pé pátákó ló ń sọ. Nabawiya mọ̀, Khisha. Ó mọ gbogbo rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì jókòó lórí pèpéle rẹ̀, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé.

Mo sunkún díẹ̀ níwájú ẹfọ̀n, kò sí ẹni tó rí mi.

Ní àná, mo mú ọ̀dà búlúù, mo gun àkàbà pẹ̀lú orúnkún mi yìí, mo ní kí n fi ọwọ́ ara mi dá àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ yẹn padà. Mo kọ mẹ́ta, mo sọ̀ kalẹ̀. Bekhit dé, ó wò ó, ó ní Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, méjì bọ́ sí ibi tí kò yẹ, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta bọ́ sí ibi tó yẹ ẹ́ gan-an. Mo wá rí i pé àṣìṣe kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ti ìyá rẹ ní ọwọ́ tirẹ̀, mi ò lè ṣe irú rẹ̀.

Ìwọ lo lè ṣe é. Bekhit ti fi fọ́tò pátákó àtijọ́ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ, bí obìnrin tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé yẹn bá jẹ́ kó dé ọwọ́ rẹ. Àlejò tó pọ̀ máa ń wá lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn kí ààwẹ̀ tó dé, Bekhit ní òun á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ òun tí o bá ti parí. Mo mọ̀ pé ó máa ni ọ́ lára, iṣẹ́ tí o fi ń jẹun ni kí àṣìṣe má ṣẹ́kù, ọwọ́ rẹ á sì máa fẹ́ tún un ṣe láìjẹ́ pé o mọ̀. Di ọwọ́ rẹ mú. Bí ọ̀gá rẹ bá gbọ́, sọ fún un pé kì í ṣe tìrẹ, ogún ìyá rẹ ni.

Mo tún fẹ́ sọ ohun kan tó ń kó mi láyà sókè ju ilé ìtajà lọ. Mẹ́ta la bí ṣáájú rẹ, a sì sin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí o dé, o lẹ́wà ju gbogbo wọn lọ, ìyá rẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọ, ó fi àpò ìdọ̀họ tí a fi ń di àlìkámà wé ọ, ó sì sọ ọ́ ní Khisha, pé àpò lásán ni. Ikú dé, ó wo inú ilé, àpò ló rí, ó lọ. O ti yọ orúkọ yẹn kúrò nínú ìwé rẹ ní Káírò, mi ò bínú, Ibtihal dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí bí pátákó ṣe mọ́ tó, tí kò sì sẹ́ni tó yà wò ó, mo ń ronú pé ọmọ mi náà ń gbé níbẹ̀ láìní àbùkù kan tí ojú lè kọsẹ̀ lára rẹ̀. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀ máa pè ọ́ ní Khisha.

Gbogbo lẹ́tà tí mo ti kọ sí ọ ni mo fi ń bèèrè owó nígbẹ̀yìn, mo mọ̀ pé ibi tó o ti ń fojú wá a nìyí. Lọ́tẹ̀ yìí, má fi owó ránṣẹ́. Àṣìṣe mọ́kàndínlógún ni mo ń bèèrè, kó pé, má dá ẹyọ kan dúró. Gbé wọn wálé fúnra rẹ kí ọjọ́ méjìlá yìí tó pé, àkàbà ṣì wà lára ògiri, mo ti ra ọ̀dà, mo ti sọ fún Shazli pé kó mú sùúrù, ó ní òun ń ka ọjọ́.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ilé tí èrín máa ń ṣáájú àlejò wọ̀. Kí Ó mú ojú ibi kọjá lórí rẹ bó ṣe kọjá lórí àpò. Kí Ó má ṣe fi àìlábùkù dán ọ wò. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, Abdurradi, ọkọ Nabawiya, ẹni tí a fi òkúta ṣe. Ẹ lè fọwọ́ kàn án.